Ọ̀sẹ̀ Kan Létí Omi Bàbá Wa

Ẹja inú omi dúdú kì í rùn bí ẹja òkun. Òórùn ewé jíjẹrà àti ti ẹrẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sétí omi á sì ti mọ̀ ọ́n kó tó débi tí wọ́n ti ń tà á. Èmi tí mo fi ogójì ọdún ta ẹja gbígbẹ ní Ojowo, n'Íjẹ̀bú-Igbó, mo mọ òórùn yẹn dáadáa, mo sì ń sá fún un. Ẹja òkun nìkan ni mo ń rà tà. Bí oníbàárà bá bi mí pé níbo ni wọ́n bí mi sí, mà á ní Òrù ni. Irọ́ ni, ìwọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí, kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Apá Ibiade ni, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti ń parí tí ti ọkọ̀ ojú omi ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ní àbúrò kan, obìnrin bíi tèmi. Àwa méjèèjì péré ni ìyá wa bí kó tó kú. Nígbà tí mo lọ sílé ọkọ, òun ló dúró ti bàbá wa. Bàbá wa ní adágún kan nínú igbó ògùrọ̀, tó jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Òfin kan wà níbẹ̀: lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí omi sì fà, àkọ́bí ni yóò kọ́kọ́ ju àwọ̀n. Bí kò bá tíì ju tirẹ̀, àbúrò kankan kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ omi náà. Ṣíṣí omi là ń pè é. Lẹ́yìn bàbá wa, èmi ni àkọ́bí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni bàbá wa kú. Kí ìròyìn tó kàn mí n'Íjẹ̀bú-Igbó, kí n tó rí mọ́tò wọ̀, kí mọ́tò náà tó taku lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì ti sin ín. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú sùn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Níwájú àwọn àlùfáà tó wá ṣe àdúrà fìdáù ọjọ́ kẹjọ, mo nàka sí àbúrò mi.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n sin bàbá láìjẹ́ kí n rí ojú wọn. Máa jẹ omi wọn lọ. Ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́."

Ó ń sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ wọ́n, àwọn àlùfáà ni kò gbà." Mo ti ń di ẹrù mi. Ẹ wò mí nígbà yẹn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣoṣo tó gbọ́n ju àlùfáà mẹ́fà lọ.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, ó fi iṣẹ́ rán obìnrin kan tó ń kó ẹní wá sọ́jà wa. "Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé omi ti fà." Mo ní kó sọ fún un pé mo gbọ́. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni, pé ó fẹ́ kí n mọ̀ pé òun ti ń jẹun. Ta ni yóò rántí òfin nígbà tí ẹja bá wà níwájú rẹ̀? Ọdọọdún ló ń rán iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ kan náà, kò fi nǹkan kan kún un. Nígbà tó yá, mo ní kí obìnrin ẹlẹ́ní má jẹ́ ẹ fún mi mọ́. Àwọn ọmọ mi dàgbà, wọn kò mọ̀ pé mo ní àbúrò.

Mo rántí ọdún tí ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó wá bá mi pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Wọ́n gba ìsinmi. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, inú igbó létí omi làwọn fẹ́ gbé fún ọ̀sẹ̀ kan, káwọn pàgọ́, káwọn máa fi ìwọ̀ pa ẹja.

Mo ní, "Igbó tí àwọn bàbá yín sá kúrò níbẹ̀?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ ojú ẹja. Ẹ bá wa wá ibi tó dáa."

Mo gbà, torí mo fẹ́ràn kí wọ́n máa bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu nínú mi pé a ó yí gbogbo etí omi agbègbè náà ká, a ó sì fo ọ̀kan.

Etí òkun la kọ́kọ́ dé. Ìgbì gba ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́ àna mi, atẹ́gùn sì ká àgọ́ wọn bí ẹní. Àwọn ọkùnrin tó ń fa àwọ̀n níbẹ̀ dúró wò ó. Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ mú ẹja ni àbí ẹ fẹ́ fún un ní nǹkan?" Ọ̀gá kó ẹrù rẹ̀. A lọ sí Ìwòpin, létí ọ̀sà. Ojúoró ti bo ojú omi lọ rẹrẹ bí oko ẹ̀fọ́, ìwọ̀ kò rí ibi bọ́ sí. Inú ọmọ mi bàjẹ́. Ọjọ́ méjì ti lọ nínú ọ̀sẹ̀ wọn.

Níbẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ kan ti ní òun mọ ibì kan. "Àlájà, adágún kan wà nínú igbó ògùrọ̀. Ibẹ̀ tòrò, ẹja sì kún un. Kò sẹ́ni tó ń pa á."

"N kò tíì lọ Mẹ́kà o, ẹja ni mo ń tà."

"Ẹ ó lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ ná."

Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ nígbà èwe mi, ọ̀nà omi la gbà lọ́jọ́ yẹn, n kò fura. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kì í fi í pa ẹja tó kún bẹ́ẹ̀.

"Wọn ò ṣí i ni," ló wí, ó ń tukọ̀ lọ. "Bàbá kan tó ń fi ọwọ́ òsì ju àwọ̀n ló ń ṣí i tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kú, ó ku ọmọ rẹ̀ obìnrin kan nílé. Ìyẹn ní òun kọ́ ni àkọ́bí, ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ wá ṣí i. A bẹ̀ ẹ́ tì. Ẹní ló ń hun jẹun títí ìka rẹ̀ fi kákò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, á ránṣẹ́. A ní, ‘Ìyá, ẹ̀gbọ́n yìí kò ní í wá mọ́.’ Á ní, ‘Ó máa wá. Ó ní òun gbọ́.’"

Bàbá wa nìkan ni mo mọ̀ tó ń fi ọwọ́ òsì ju àwọ̀n. Mo di etí ọkọ̀ mú. Mo ní, "Níbo ló wà báyìí?"

"A sin ín nígbà òjò tó kọjá yìí." Ó dá àjẹ̀ dúró, ó wò mí. "Àlájà, ẹnu yín mà jọ ẹnu ibí."

Ọkọ̀ já sójú adágún. Omi náà dúdú, ó pa rọ́rọ́, ẹja ń fò lójú rẹ̀. Àna mi dìde pẹ̀lú ayọ̀, ó gbé ìwọ̀ sókè. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, kí ló ṣe yín?" ni ọmọ mi wí.

Mo ní, "Omi bàbá mi ni. Mo ní àbúrò kan."

A lọ sílé bàbá wa kí a tó ṣe ohunkóhun. Àkọ́bí àbúrò mi jáde sí wa, obìnrin tó ti di ìyá ọmọ, ojú bàbá wa ló gbé wọ̀. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Mo ń retí èébú, ká sọ tòótọ́, mo fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Àgbà. Màmá ní bí ẹ bá dé, ká má bi yín ní nǹkan kan. Wọ́n ní ká sáà gbé àwọ̀n fún yín."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo jù ú. Ọwọ́ mi ti gbàgbé, àwọ̀n náà ṣubú sínú omi bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ fọ̀. Síbẹ̀ epìyà àti àrọ̀ kún un, àwọn ẹja tó ti dàgbà láìsí ẹni tó yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn ará ilé ń yọ̀. Àgọ́ àwọn ọmọ mi wà ní bèbè, wọ́n lo ìyókù ọ̀sẹ̀ wọn, wọ́n sì ya fọ́tò. Ọmọ mi kò fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, n kò sì dá a lẹ́bi. Mo jókòó ti sàréè àbúrò mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá wa. Mo ka Fátíhà. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ti dé, koríko orí sàréè náà ni mo ń tu.

Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Lọ́dọọdún báyìí, mo máa ń lọ ṣí omi náà. Eékún mi kò gba ọkọ̀ wíwọ̀ mọ́, wọ́n á gbé mi sínú rẹ̀ bí agbọ̀n ẹja. Bí mo bá ti ju àwọ̀n tán, àwọn ọmọ àbúrò mi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa tiwọn. Wọ́n ti fi rán ọmọ níléèwé, wọ́n ti fi tún òrùlé ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tò wá síwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa dúpẹ́, tọkàntọkàn. Mo ti ní kí wọ́n má ṣe é mọ́. Wọ́n ní bí ìyá àwọn ṣe kọ́ àwọn nìyẹn. Mà á jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ tán, mà á wá ní kí wọ́n lọ wo ẹja kó má bàa bàjẹ́.