Àyè Kúnlé Nínú Orin

Bánjò, ohun èlò olókùn bíi gìtá, ni mo ń ta ní Òmù-Àrán, iṣẹ́ tí bàbá mi ń pè ní iṣẹ́ ọ̀lẹ títí wọ́n fi kú. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe é: èmi, Ṣọlá onífáólìn, àti Kúnlé onígìtá. Orin jáàsì àtijọ́ là ń ta, ṣùgbọ́n a ń ta á bí àwọn àgbẹ̀ orí òkè Amẹ́ríkà ṣe ń ta búlúgíráàsì: kò sí ìlù, kò sí iná mànàmáná, okùn nìkan. Tó bá kan ẹnì kan, á sún síwájú, á dá tirẹ̀ ta. Àyè là ń pe ìyẹn.

Alùpùpù ló pa Kúnlé lójú ọ̀nà Rore. Èsìẹ́, ìlú wọn, la sin ín sí. Òbí kì í rí ibojì ọmọ, nítorí náà wọn ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé wa. Láti ọjọ́ náà, màmá ò sunkún, wọn ò sì jẹun. Ẹ̀rù ń ba gbogbo ilé pé màmá náà fẹ́ lọ.

Màmá wá ránṣẹ́ pè wá. "Wọn ò jẹ́ kí n rí i. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ẹ ta orin yín, ẹ má gba àyè ẹ̀."

Ṣọlá yọ́ sọ fún mi pé, "Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi o."

"Ṣáà máa ta," ni mo dá a lóhùn.

Gìtá Kúnlé wà lórí àga. Èmi fúnra mi ni mo dẹ okùn rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe sí ohun èlò olóògbé. Ó dẹ̀ bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ọ̀sán gangan ni. Mo ta tèmi, Ṣọlá ta tirẹ̀. Ó kan Kúnlé, a dákẹ́. Adìyẹ ẹ̀yìnkùlé náà dákẹ́.

Ni gìtá bá ń dún. Okùn tó le lè dún fúnra rẹ̀ bí irú rẹ̀ bá dún nítòsí, ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa. Okùn tó dẹ̀ kì í dún. Èyí ń dún, ó sì ń falẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn orin, ohun tí mo máa ń tìtorí rẹ̀ bú Kúnlé. Orí mi wú. Àyè rẹ̀ parí, kò dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Màmá dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé gìtá náà. "Kúnlé, ó tó. Máa lọ, ọkọ mi."

Ó dákẹ́. Màmá bú sẹ́kún, wọ́n sun ún títí ó fi tán nínú wọn, wọ́n wá ní ká gbé ẹ̀kọ wá.

"Ẹ parí orin yín," ni wọ́n wí, ẹ̀kọ lẹ́nu wọn.

A parí ẹ̀.