Súwíìṣì Mẹ́rin Tó Jóná Nílé Ìyá Maher

Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni Fawwaz ti ń so iná nílùú Mina yìí. Kò sí ilé tí kò wọ̀ rí ní àdúgbò wa, kò sì sí oníṣẹ́ iná tí kò bú rí. Bó bá ti tú wáyà ara ògiri báyìí, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni, "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wo ló ṣiṣẹ́ yìí?" Èmi Widad ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kì í bàjẹ́. Orúkọ yẹn ló fi ń jẹun.

Lọ́dún tó kọjá, Maher, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, fi súwíìṣì tuntun ránṣẹ́ láti Kuwait sí Nuhad ìyá rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi fóònù tàn, torí orúnkún ń da ìyá náà láàmú. Fawwaz ló so ó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, ó jó. Fawwaz ní àwọn tó ṣe é ni wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó so òmíràn, ó jó. Ó ní iná ìjọba ló ń ṣe ségesège. Ẹ̀kẹta náà jó, ló bá yíjú sí Nuhad.

"Ìyá Maher, omi tí ẹ ń dà sílẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ yìí ni. Ẹ̀ ń fọ ilé bí ẹni ń wẹ ẹṣin!"

"Láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni mo ti ń dà á. Àwọn súwíìṣì àtijọ́ mu omi yẹn, wọn ò kú."

"Bàbá Rima," ni mo fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ pe Fawwaz, "ó ku kí ẹ sọ pé ojú burúkú mi ló jó o."

Inú bí i. Ó so ẹ̀kẹrin, ó sì búra níwájú wa pé bó bá jó, òun ò ní fọwọ́ kan wáyà mọ́ ní Mina. Ọjọ́ kọkànlá, ó jó.

Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò kí èèyàn dáadáa. Ó pa súwíìṣì ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó ń pa iná gbogbo ilé. Ó tú èyí tó jó kúrò lára ògiri, ó fi tẹ́sítà tó máa ń tàn bí iná bá wà kan wáyà inú ihò. Tẹ́sítà tàn.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ pa á ṣá?"

Ó padà lọ wò ó. Ó ti pa á. Ó fi tẹ́sítà kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó tún tàn. Ilé tí a ti pa iná rẹ̀, níbo ni iná tún ń gbà wọlé?

"Ẹ má sún mọ́ ògiri o!"

Ó gbé àkàbà lọ sẹ́nu balùwẹ̀. Àpótí wáyà kan wà lókè ilẹ̀kùn, ọ̀dà ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń fi ọ̀bẹ ha á, ó ń ṣépè: "Ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́! Ó so wáyà ilé méjì pọ̀! Àtùpà gan-an kò yẹ kí wọ́n fi lé irú èèyàn báyìí lọ́wọ́!"

Lójijì, èpè dá. Mo rí i tó tú nǹkan kan kúrò lára wáyà, tó sì tì í sínú àpò. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Wáyà méjì ni iná ń lò," ló wí. "Ọ̀kan ń gbé e wá, èkejì ń dá a padà. Lọ́dún ogun tí jẹnẹrétọ̀ kọ́kọ́ wọ àdúgbò yìí, wáyà wọ́n. Wọ́n wá fún ilé yín lókè níbí àti ilé ìsàlẹ̀ ní wáyà ẹyọ kan tí ń dá a padà. Súwíìṣì àtijọ́ kì í dé ìdí rẹ̀. Tuntun yìí ló ń lò ó, ìdí nìyẹn tí iná ilé méjì fi ń jó o. Bí ẹ bá pa iná tiyín, ti ìsàlẹ̀ ṣì ń gba ara ògiri yín kọjá."

"Ṣé ó lè pa èèyàn?" Nuhad béèrè.

"Tí èèyàn bá tú u, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tutù. Bẹ́ẹ̀ ni."

Nuhad wá àga, ó jókòó. "Riyad pa súwíìṣì ńlá yẹn. Ó ṣojú mi. Ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ ìdí gílóòbù balùwẹ̀. Mo gbọ́ tó ṣubú. Dókítà ní ọkàn ló dáwọ́ dúró."

Riyad ni ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ Nuhad. Ọdún mọ́kànlá la ti ń sọ fáwọn èèyàn pé ọkàn ló pa á.

"Ta ló so ó?" ni mo wá fi igbe béèrè. "Ṣé olóògbé Jamil, oníṣẹ́ iná àtijọ́ yẹn, ni?"

Jamil ti kú, kò lè jẹ́jọ́. Bí Fawwaz bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tọwọ́ bọ àpò, ó mú ohun tó tú lára wáyà jáde: aṣọ rọ́bà kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ fún ọmọ ìkókó, pẹ́pẹ́yẹ kéékèèké wà lára rẹ̀.

"Kò sí téèpù tí a ó fi wé wáyà lọ́dún yẹn. Orí ibùsùn Rima ni mo ti gé e."

Mo fẹ́ gbá a létí. Ọlọ́run ló dá mi dúró. Nuhad ò sunkún, ó bi í:

"Ilé mélòó?"

"Èyí tí mo rántí, mọ́kàndínlógún. Ilé tí Rima ń gbé wà nínú ẹ̀."

Nuhad dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní kí n gbé àpò irinṣẹ́ Fawwaz. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ torí orúnkún Nuhad, òun fúnra rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Wọ́n ṣí i, wọ́n ní ká wọlé wá mu kọfí.

"Kọfí kọ́ la bá wá," ni Nuhad wí. Ó yíjú sí ọkùnrin tó ti ń pè ní Bàbá Rima láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. "Fawwaz, sọ ọ́ fún wọn bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Orúkọ rẹ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀."