Ẹ̀rí Tí Mo Bá Káfíńtà Jẹ́

Mo rántí ìgbà tí máìkì ìjọ wa ní àdúgbò Basin kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. Èmi ni akọ̀wé ìjọ, èmi náà ni mo ń darí ìsìn, tíṣà sì ni mí láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà kò ní ṣòro fún yín láti mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, màá tún un pè láti ìjókòó mi kí gbogbo ìjọ lè gbọ́. Bí akọrin bá gbé orin lókè jù, ojú mi á ti le. Mo gbà pé Ọlọ́run tó ń mú oòrùn yọ lásìkò kò lè fẹ́ ìsìn játijàti. Èmi tí mo ń sọ èyí, ìyàwó mi ló ń bá mi wá ìbọ̀sẹ̀ mi kejì ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

Ibi tó máa ń bí mi nínú jù ni àkókò ẹ̀rí. Ẹlòmíì á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i kó tó dé orí ibà tó ṣe é lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ni mo bá ṣe òfin, mo kọ ọ́ sórí pátákó: ìṣẹ́jú méjì péré, ẹ̀rí ìṣẹ́gun nìkan. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tíì dáa, kó lọ gbàdúrà sí i nílé, kó padà wá tó bá dáa. Pásítọ̀ wa, àgbà onísùúrù, ka òfin náà, ó ní, “Akọ̀wé, àwọn tí kò tíì ṣẹ́gun ńkọ́? Ibo ni kí wọ́n lọ?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń sọ̀rọ̀.

Káfíńtà kan wà nínú ìjọ náà tó ń gbé Òkè-Oyì. Òun ló kan gbogbo àga tí a ń jókòó lé. Akólòlò ni. Kì í sábà pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù, torí wọ́n á rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló dákẹ́, wọ́n á sì pa fóònù. Ọ̀kadà kan ló ń gbé òun àti ìyàwó rẹ̀ wá sí ìsìn, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún márùn-ún, á wà láàárín wọn.

Ọmọ yìí ṣàìsàn, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. A gbàdúrà fún un lọ́jọ́ Ìsinmi kan, èmi gan-an ni mo ka orúkọ rẹ̀ jáde. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, alábòójútó wa wá bẹ ìjọ wò. Mo ti to ètò ọjọ́ náà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ẹni mẹ́ta ni mo kọ sílẹ̀ pé kó jẹ́rìí, káfíńtà kò sì sí nínú wọn. Bí ẹni kẹta ṣe jókòó, mo rí i tó ń bọ̀ níwájú, òun nìkan, nínú bùbá tí a kò lọ̀. Àyà mi já. Kì í ṣe nítorí rẹ̀ o, nítorí aago ni.

N kò lè lé e padà lójú àlejò. Mo gbé máìkì sí i lẹ́nu, n kò fi lé e lọ́wọ́. Ó ní, “Ọ-ọ-ọmọ mi...” Ó dúró. Iṣan ọrùn rẹ̀ le. “Ọ-ọmọ mi, l-lọ́jọ́ Jímọ̀...” Àwọn ọ̀dọ́ ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Alábòójútó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo fa máìkì padà, mo ní, “Arákùnrin wa ń sọ pé lọ́jọ́ Jímọ̀, Olúwa wo ọmọ wọn sàn! Ẹ bá wọn yin Olúwa!”

Ìjọ hó yèè. Akọrin gbé orin ọpẹ́. Àwọn ìyá ìjọ méjì dìde, wọ́n di káfíńtà lọ́wọ́ mú, wọ́n ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Ó wò mí. Ó la ẹnu, nǹkan kan kò jáde. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì, ó ń tẹ̀lé àwọn ìyá náà títí orin fi parí. Inú mi dùn pé a kò pẹ́ jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, n kò rí i. Mo wọ mọ́tò lọ sí Òkè-Oyì láti bá a wí, pé ẹni tí Ọlọ́run ṣe lóore kì í sá fún ilé Rẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà dáadáa nínú mọ́tò. Àáfáà àgbàlagbà kan tí ilé kéwú rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni mo kọ́kọ́ bá. Mo kí i, mo ní mo wá kí bàbá ọmọ tí ara rẹ̀ yá.

“Ìwọ ọmọ yìí, ibo lo ti ń bọ̀?”

“Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni, Bàbá.”

“Ẹ̀yin lẹ ò sì gbọ́? Ọmọ yẹn ti kú láti ọjọ́ Jímọ̀ kan. Èmi àtàwọn ará àdúgbò la gbẹ́ ilẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í kéde ẹ̀, kádàrá ni. Ṣùgbọ́n òun ní dandan, òun á lọ sọ fún yín lọ́jọ́ Àlàádì. Ìgbà tó dé, kò bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ mọ́.”

Káfíńtà wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìfági fá pákó. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde. Èmi tí mo ń bá gbogbo ayé tún ọ̀rọ̀ ṣe! Ó gbé ìfági sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ń dúró dè mí. Kò bá mi parí rẹ̀. Nígbà tí mo rí “Ẹ forí jì mí” sọ, ó mi orí pé òun gbọ́. Mo bi í pé kí ló fẹ́ bá wa sọ lọ́jọ́ náà.

“M-mo fẹ́ sọ pé mi ò lè gbà-gbàdúrà mọ́, Akọ̀wé. Kí ẹ b-bá mi gbà á, títí màá fi lè gbà á.”

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Pẹ̀lú ìkólòlò náà, kò gbà tó ìṣẹ́jú méjì.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní, “Ẹsẹ̀ tí m-mo fi jó yẹn, mi ò lè fi wọ ibẹ̀ mọ́.” Kí ọdún tó yí po, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ. Àáfáà sọ fún mi pé òun náà kò mọ ibi tí wọ́n forí lé.

Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, mo máa ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì ń fi kálámù pupa fa igi sídìí ìdáhùn ẹni tó bá ṣì í. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àdúgbò Adéwọlé ni mò ń gbé, ọ̀dọ́ kan ló sì ń di máìkì mú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ òfin yẹn kúrò lára pátákó. Nísinsìnyí ẹni tó bá fẹ́ sunkún níbi ẹ̀rí, á sunkún, àwọn kan sì ń ráhùn pé ìsìn wa ti ń pẹ́ jù. Òótọ́ ni, ó ń pẹ́.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé orin ọpẹ́ ọjọ́ náà, n kì í lè dìde jó pẹ̀lú wọn. Orí àga tí káfíńtà kàn ni mo máa ń jókòó sí, màá di ojú, màá gba àdúrà tó ní kí a bá òun gbà. Mo ti ń gbà á láti ọdún náà wá. N kò mọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ ti lè gbà á.