Bàbá Ìtumọ̀ àti Ọ̀rọ̀ Tó Ń Bí I Nínú

Ọjọ́ tí Bàbá Ìtumọ̀ ní kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ aránṣọ wọn dún bí ìkookò ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rántí. Bàbá ló ń gé aṣọ fún àwọn obìnrin tó ń rán an níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, aránṣọ kan tó lóyún jókòó láti sinmi. Ọ̀gá fọwọ́ lu tábìlì: "Bí o ò bá dìde, ìta lo máa bá ara ẹ!"

Bàbá Ìtumọ̀ ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Ọ̀gá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń bá a wí ni."

"Irọ́ ni! Ẹ̀ ń dúnkookò mọ́ ọn ni. Ṣé ẹ mọ ìtumọ̀ ẹ̀? Ìkookò, ẹranko burúkú yẹn, òun ló máa ń dún, tí àyà ẹran yòókù á já. Ẹni tó bá ń dúnkookò mọ́ ọmọlàkejì ti yọ ara ẹ̀ kúrò lọ́mọ ènìyàn. Ó yá, ẹ dún un dáadáa, ká gbọ́!"

Ọ̀gá la ẹnu láti bú u. Ikọ́ ló jáde. Bàbá yíjú sí aláboyún náà: "Jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ mi. Òtútù ti mú ìkookò yìí."

Ọ̀gá ò lé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n gbé tábìlì Bàbá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàbá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé òórùn ibẹ̀ sàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá lọ.

Nílé ńkọ́? Àna rẹ̀, ọkọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, ṣàṣìṣe lọ́jọ́ kan, ó ní bóyá ìkòkò tó ń hó lórí iná ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ "dúnkookò" yọ. Bàbá fò dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò òfìfo jáde.

"Ta lèyí dẹ́rù bà rí? Mo ní ta ni?"

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn lẹ́nu ọ̀nà: "Èmi ni. Bó bá ti ṣófo báyẹn, àyà mi á já."

Nígbà tí àìsàn tó gbẹ̀mí rẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ẹ̀ṣọ́ kan wá ń jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ pé àsìkò àbẹ̀wò ti tán, bí kò bá jáde, òun á wọ́ ọ síta. Bàbá, tí kò lè gbé ife omi mọ́, dìde jókòó.

"Wọ́ ta ni? Wá wọ́ èmi ná!"

Ẹ̀ṣọ́ fẹ̀yìn rìn títí ó fi kọ lu ilẹ̀kùn, ó sì bẹ ilẹ̀kùn pé kó má bínú.

Ìyàwó rí i pé ọwọ́ ọkọ òun ń gbọ̀n lórí aṣọ ìbora. Ó dì í mú.

"Àbí ẹ̀rù bà yín ni?"

"Kò sígbà tí ẹ̀rù kì í bà mí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Inú tó ń bí mi ló kàn máa ń pọ̀ jù ú lọ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ náà mú títí oorun fi gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó tún wá lé e.