Ọkọ̀ Ṣọ́jà tí Máyọ̀wá Dí Lẹ́nu

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́talélẹ́gbẹ̀ta náírà ni Akínyẹlé jẹ Ìyádùnní, oníṣòwò ẹja yíyan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Ijala, ìlú etí omi. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó fi ń pẹja ló fi dógò. Bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣọ́jà tó fẹ́ fi máa bá a kó ẹja lọ sí Orè kò bá ṣiṣẹ́ títí di Sátidé, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi náà di ti Ìyádùnní. Kí ni ọmọ Ìlàjẹ tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún yóò wá máa ṣe jẹun?

Máyọ̀wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dolóògbé, ló ra ọkọ̀ náà nígbà tí àwọn ṣọ́jà lu àlòkù wọn ní gbàǹjo. Àìsàn dé, ó gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, kò sì jókòó sídìí rẹ̀ mọ́.

Owó tí Akínyẹlé yá láti jí i kò pẹ́ nílẹ̀. Bátìrì méjì, torí ẹyọ kan kì í yó ọkọ̀ ṣọ́jà, gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án. Táyà àlòkù gba àádọ́sàn-án. Péńtì búlúù gba àádọ́rùn-ún, torí ta ni yóò gbé àwọ̀ ṣọ́jà kọjá níwájú ṣọ́jà? Igba ó lé mẹ́wàá tó kù bọ́ sápò Karo, mẹkáníìkì Jakpa Road. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣọ́jà ń jí, ó ń wúkọ́, ó ń kú.

"Oga, na pump," Karo wí.

Wọ́n pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù. Ó jí, ó wúkọ́, ó kú.

"Then na injector."

"Who go pay?" Akínyẹlé bi í. Karo kó irinṣẹ́ rẹ̀.

Ní Sátidé, Ìyádùnní gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá wá láti fi kó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.

"Bàbá Hadassah, ẹ kú ìnáwó," ó kí Akínyẹlé. "Ṣé búlúù yìí ló máa gbé ẹja mi dé Orè?"

"Màmá Rẹ̀mí, ẹ jókòó ná," Akínyẹlé wí. "Ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà. Owó mi nìkan ni kò tíì rẹ̀."

Kò jókòó. Ó ń yí ọkọ̀ náà po bí ẹni tó fẹ́ dá owó lé ọkọ̀ ojú omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn.

"Ta ló dí ihò èéfín yìí?"

Akínyẹlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Àkísà tí wọ́n rẹ sínú ọ̀dà dúdú ni, wọ́n gbá a wọlé ṣinṣin, gẹ́gẹ́ bí Ìlàjẹ ti ń dí ojú pákó ọkọ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ọwọ́ Máyọ̀wá nìyẹn. Kò sí ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ sinmi tí kì í dí lẹ́nu. Karo tó jẹ́ ará ilẹ̀ gbígbẹ kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n Akínyẹlé tó ń dí ọkọ̀ lọ́dọọdún ńkọ́?

Ó fi ṣóńṣó àdá tú u títí ẹ̀yìn fi ro ó. Omi dúdú dà jáde. Ó gun ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tu èéfín, kò kú.

Kò yọ̀. Ó kàn gbé orí lé sítíárìn.

"A jẹ́ pé pọ́ọ̀ǹpù àkọ́kọ́ kò bàjẹ́," Ìyádùnní wí, ó ń wo èyí tí Karo yọ sílẹ̀.

"Kò bàjẹ́."

"Ẹ bá ẹni tó dí i jà."

"Ó ti kú, Màmá Rẹ̀mí."

Obìnrin náà yí sí ọ̀rọ̀ owó. "Àádọ́ta ẹgbẹ̀rún ni n ó máa yọ lórí gbèsè fún ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan sí Orè. Èmi ni n ó máa ra epo."

Akínyẹlé ṣírò rẹ̀. Ìrìnàjò mẹ́tàlá, kó tó gbé ẹrù tirẹ̀ ẹyọ kan.

"Ó dáa. Ẹ ní kí kẹ̀kẹ́ máa lọ."

"Mo ti san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fún un. Ẹ fi kún gbèsè yín."

Akínyẹlé fi kún un.