Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀sán tí Sájẹ́ǹtì Kò Ṣe

Ọjọ́ kẹta rèé tí Sájẹ́ǹtì Abdulbasit ti gba ààyè wá sílé ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, oorun ò kùn ún. Ọdún méjìlá lẹ́nu iṣẹ́ ṣójà ti tán an lókun. Gaàrí tí ìyá rẹ̀, Alhaja Kúbúrátù, bomi sí fún un ti wú tán, kò fọwọ́ kàn án. Ìwé kan ló ń wò.

Ọ̀gá rẹ̀ ló ní kó kọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, kó fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé. Joel, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, sùn lẹ́nu ẹ̀ṣọ́, ẹ̀wọ̀n sì ni irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Mo fi Joel sẹ́nu ẹ̀ṣọ́ ọ̀sán, wọ́n bá a lójú oorun." Ohun tó kọ nìyẹn. Kò kúkú purọ́, àbí? Irọ́ wo ló tún kù! Sájẹ́ǹtì tó kọ́ òun alára níṣẹ́, orúkọ ara rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kọ sí ẹ̀ṣọ́ tó bá le jù. Abdulbasit náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi lọ́jọ́ yẹn tó rẹ̀ ẹ́, tó fagi lé orúkọ ara rẹ̀, tó dá Joel tó ti ń ṣọ́nà láti òwúrọ̀ padà sínú oòrùn Òkè Ọya.

Ibi tó ti ń rò ó ni bàbá Joel ti wọlé. Harold lorúkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ayépé, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ ṣàánú mi," ló ní, ló bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Abdulbasit fò dìde, ó dì í mú. "Háà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Joel gan-an ní kí n má wá. Ó ní, 'Dádì, ẹ má yọ Sájẹ́ǹtì lẹ́nu, ó ti rẹ̀ wọ́n jù.'"

Ojú ti Abdulbasit, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu. Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n, ó sì dákẹ́!

"Sà, èmi ni ẹ̀ṣọ́ yẹn kàn. Joel ti ṣe tiẹ̀ láàárọ̀. Èmi ni mo dá a padà, n kò sì kọ ọ́ sínú ìwé yìí."

Bàbá wò ó látòkè délẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó.

"Ya ìwé yẹn. Kọ òmíràn. Mo jókòó tì ẹ́."

Abdulbasit mú bírò. Ìgbéga tó ti ń retí láti ọdún mẹ́rin, ó mọ̀ pé ó ti lọ nìyẹn. Ó kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀.