Ìdáhùn Tí Mo Gé Dànù

Kápẹ́ẹ̀tì ogbó tí òjò ti rin ni yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wa máa ń rùn, pẹ̀lú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn kápẹ́ẹ̀tì tútù níbikíbi, iléeṣẹ́ rédíò yẹn ní Minna ni ọkàn mi máa ń lọ, ní àsìkò ìpolongo ìbò, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mò ń gé ohùn, tí mo sì ń so ó pọ̀ kó tó dórí afẹ́fẹ́. Ìwọ náà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. O mọ̀ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni ayé ń gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ló ń pinnu ohun tó sọ.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa àgbà, ọkùnrin olóhùn dídùn kan tí gbogbo ìlú mọ̀, ló dá ètò náà sílẹ̀. Ó ń pe àwọn tó fẹ́ di ààrẹ wá síwájú àwọn ará ìlú, kí wọ́n wá sọ bí wọn yóò ṣe bá ilẹ̀ òkèèrè lò. Ẹni àkọ́kọ́ wá láti ẹgbẹ́ ńlá. Ó lu tábìlì, ó ní, “Kò sí orílẹ̀-èdè tí yóò fojú di wá mọ́. Àwa ni àgbà wọn.” Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí. Kò sẹ́ni tó bi í pé báwo. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn kan pè é ní kìnnìún, àwa náà sì ka ìròyìn náà sórí afẹ́fẹ́ bó ṣe wà.

Ẹgbẹ́ kékeré ni ẹnì kejì ti wá. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba wa ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè kó tó fẹ̀yìn tì. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ṣá, ó gbé àpò awọ kan há abíyá, bí o bá sì bi í léèrè ọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì. Ìdákẹ́ yẹn ni mo fi ba tiẹ̀ jẹ́.

Lára àwọn ará ìlú tó jókòó níwájú rẹ̀ ni télọ̀ kan láti àdúgbò Maitumbi wà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Minna ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà àlùbọ́sà, wọ́n sì ti mú un ní orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá lápá àríwá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò gbọ́ nǹkan kan.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká fi ti ìbò sílẹ̀ ná. Ọkọ mi wà látìmọ́lé lọ́hùn-ún, mi ò mọ ibi tí wọ́n fi í sí. Kí ni irú wa máa ṣe?”

Bàbá náà yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ obìnrin náà, ó dákẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lédè Hausa, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ó ní kó má dúró de ìbò. Ó ní kó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n mú un sínú lẹ́tà méjì, kí ọ̀kan lọ sí iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba wa ní olú-ìlú wọn, kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé èkejì lọ sí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Abuja, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa mú padà, kí ó sì tún lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní bí orúkọ bá ti dé ọwọ́ wọn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ wo ẹni náà níbi tó wà. “Ẹ má fi í sọ́wọ́ àwọn alágbàtà ẹnubodè,” ó ní. “Wọn yóò ní kí ẹ ṣe sùúrù, ẹ ó sì ṣe é pẹ́.” Ó fa bébà yọ nínú àpò awọ rẹ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀ fún un. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa kò fẹ́ràn kí yàrá pa lọ́lọ́. Kíá ló bi bàbá náà ní orúkọ ẹni tó ń ṣe ààrẹ erékùṣù kékeré kan tó jìnnà réré. Bàbá ronú, ó dárúkọ ẹnì kan. Orúkọ òkú ló dá. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó ní, “Mo ṣì í. Ẹ ṣeun.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tán.

Èmi ni kò jẹ́ kó tán. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò pàṣẹ kankan fún mi ju pé, “Ṣáà jẹ́ kó dùn.” Mo gé ìdáhùn tó fún télọ̀ kúrò látòkè délẹ̀, torí ó gùn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Mo na ìdákẹ́ bàbá náà títí ó fi dà bí ẹni tó ti sùn lọ. Mo mú ẹ̀rín kékeré yẹn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ra lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn bí mo ti ń ṣe é, mi ò lè purọ́ fún ọ. Mo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá gbọ́ ọ kó tó jáde.

Lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí kẹ̀kẹ́ tí o máa wọ̀ ní Minna tí wọn ò ní máa fi fóònù gbọ́ ọ. Bí ẹnì kan bá pẹ́ fèsì lọ́jà, wọn á ní, “Haba, ààrẹ erékùṣù.” Àwọn ìwé ìròyìn ìlú ńlá kọ ọ́ pé ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè kò mọ ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀gá wa bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dìbò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó dìbò fún un.

Lẹ́yìn ìbò, ó pe fóònù iléeṣẹ́ wa, èmi ni mo gbé e. Mo rò pé èébú ló fẹ́ bú wa, mo sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, mo fọwọ́ pe àwọn yòókù.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “arábìnrin télọ̀ yẹn, ṣé ọkọ rẹ̀ ti dé?”

Mo ní mi ò mọ̀. Ó dákẹ́. Ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, bí ẹni pé bàbá ti sùn lọ. Bàbá gbọ́ ọ. Ó dúpẹ́, ó pa fóònù, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni télọ̀ náà mú ọkọ rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọkùnrin náà ti gbẹ, aṣọ ń jábọ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Obìnrin náà kò gbọ́ ètò wa lọ́jọ́ tó jáde, ọ̀nà Abuja ló wà pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sọ fún mi pé awakọ̀ mìíràn wà pẹ̀lú òun nínú àtìmọ́lé, ọmọ àdúgbò Chanchaga nílùú wa níbí, tí àìsàn pa níbẹ̀. Nígbà tí ẹni tí iléeṣẹ́ aṣojú rán wá dé, orúkọ ẹnì kan péré ló mú lọ́wọ́.

“A ti lọ kí bàbá awakọ̀ tó kú náà,” obìnrin náà ní. “Àwọn alágbàtà ẹnubodè ló gbára lé. Ó ní òun gbọ́ ètò yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun ò gbọ́ ohun tí bàbá olóṣèlú yẹn sọ fún mi. Bùròdá, ṣé ẹ gé e ni?”

“Àyè ò gbà á ni, màdáámù,” mo ní. Ó wò mí. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ.

Ọjọ́ kẹta ni mo lọ sí Chanchaga, mo gbé ohùn ìdáhùn tí mo gé náà dání nínú fóònù mi. Bàbá arúgbó kan ni mo bá níwájú ilé, ó ń ya ewé kúrò lára àgbàdo. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ara mi. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ tán, kò gbójú sókè.

“Mo rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin yìí,” ó ní. “Mo pe ìyá ọmọ náà láti ìdí ààrò pé kó wá rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì jókòó, à ń rẹ́rìn-ín.” Ó mú àgbàdo mìíràn. “Ìṣẹ́jú mélòó ni èyí tí ẹ gé?”

“Mẹ́rin, bàbá.”

“Ẹ̀rín yẹn ńkọ́? Mélòó lẹ fún un?”

Ó ní kí n dìde, kí n má kúnlẹ̀ sójú ilé òun mọ́, kí ìyàwó òun má baà jáde bá mi níbẹ̀.

Àsìkò ìbò mìíràn ti dé lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ṣì ń bi àwọn olùdíje ní orúkọ àwọn ààrẹ tó jìnnà, a ṣì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá lu tábìlì. Nígbà kan, mo gbà pé ṣe là ń wádìí bóyá ẹnì kan lè ṣojú wa láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Irọ́ ni. Ohun tí à ń wádìí kò ju bóyá ó lè la ẹ̀rín wa já. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tí a sọ di eré yẹn, ọmọ ẹnì kan ni, tó ń ṣàìsàn lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó ń retí kí wọ́n dárúkọ òun. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń wá a rí jókòó síwájú wa, ó sọ ọ́ kedere. Èmi ni mo gbọ́ ọ tán, tí mo sì gé e dànù.